Ẹ jẹ́ ká gba ìró àyà àwọn ará Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀ ká tó náwó sórí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ àyà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí fóònù ní Ẹ̀pẹ́ níbí pé ẹ̀rọ kan ti dé tó lè gbọ́ bí èèyàn ṣe ń mí, kó sì sọ lójú ẹsẹ̀ bóyá òtútù àyà, ikọ́ fée tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń bá a jà. Àwọn kan ti ń pariwo pé kí ìjọba ìbílẹ̀ rà á sí gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wa, láti Ẹ̀jìnrìn títí dé Ìtòìkín. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà, ó sì lè ṣe wá láǹfààní gan-an. Àmọ́ ìpolówó rẹ̀ ti sáré ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí a bá kánjú rà á láì tíì dán an wò lára àwọn èèyàn wa, owó á lọ, àìsàn á sì wà níbi tó wà. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Ọdún 1816 ni Laennec, dókítà ará Faransé, ṣe stethoscope àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tí dókítà ń fi sétí tó sì ń gbé orí rẹ̀ lé aláìsàn láyà. Ohun tí etí ń wá láti ìgbà náà kò yí padà púpọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tó dá ṣáká, ìró rẹ̀ máa ń rọlẹ̀. Bí ọ̀nà atẹ́gùn bá fún pọ̀, bíi ti ikọ́ fée, àyà á máa súfèé, súfèé ọ̀hún á sì pẹ́ tó ìdá 80 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá wọ àwọn àpò atẹ́gùn kéékèèké, bíi ti òtútù àyà, àyà á máa ta pàrà-pàrà bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìró yìí kì í pé ìdá 20 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá wà nínú ọ̀nà atẹ́gùn ńláńlá, a ó gbọ́ ìró tó wúwo, tó ń hanrun.

Stethoscope òde òní ní máíkì nínú. Máíkì á gba ìró àyà, kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ di àwòrán: àsìkò ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, ìró tínrín wà lókè, èyí tó wúwo wà nísàlẹ̀, ibi tí ìró bá ti le ló máa ń mọ́lẹ̀ jù. Súfèé á nà gbọọrọ ní ìbú. Ìró pàrà-pàrà á dúró lóòró, tín-ín-rín, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n á kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà pẹ̀lú orúkọ tí dókítà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tí òun náà á fi máa dá wọn mọ̀. Ọgbọ́n àtọwọ́dá tí gbogbo ayé ń sọ nìyẹn.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Nọ́ọ̀sì tó ti gbọ́ àyà ọgọ́ta ọmọ láàárọ̀ kan, á ti rẹ̀ ẹ́. Kò rẹ ẹ̀rọ. Dókítà méjì lè gbọ́ àyà kan náà kí ẹnu wọn má kò. A sì lè gba ìró àyà ní Ẹ̀jìnrìn ká fi ránṣẹ́ sí dókítà ní Jẹ́nẹ́rà Ẹ̀pẹ́ kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Èyí nìkan, ká tiẹ̀ yọ ọgbọ́n àtọwọ́dá kúrò níbẹ̀, ó tó nǹkan tí à ń dúpẹ́ fún.

Ohun tó yẹ ká wò fínnífínní ni ibi tí ẹ̀rọ ti kẹ́kọ̀ọ́. Àkójọ ìró kan tí àwọn olùwádìí máa ń lò gan-an ni èyí tí wọ́n ń pè ní ICBHI, ti ọdún 2017. Pọ́túgàl àti Gíríìsì ni wọ́n ti gbà á, lára èèyàn 126. Ìró 920 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi wákàtí márùn-ún àbọ̀. Nínú 920 yìí, 793 jẹ́ ti àwọn tó ní COPD, àìsàn tó ń dí ọ̀nà atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀, tí èéfín sìgá àti èéfín igi sábà máa ń fà. Òtútù àyà ní 37. Ikọ́ fée ní 1 péré. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kò ní ìkankan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹ̀rọ tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, tó kàn ń pe gbogbo ẹni tó bá wọlé ní oní-COPD, á gba 86 nínú 100 lórí àkójọ yìí. Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún wa pé ẹ̀rọ òun ń gba 90 nínú 100, ká bi í pé lára ta ni.

Ẹ̀tàn míì wà tó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n lè gba ìró rẹ̀ láti ojú ibi púpọ̀ láyà àti lẹ́yìn. Bí wọ́n bá fi díẹ̀ nínú ìró rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n tún fi ìyókù dán an wò, ẹ̀rọ ti mọ ẹni náà tẹ́lẹ̀, máàkì rẹ̀ á sì gòkè láìtọ́. Ìdánwò tó ṣe é gbára lé ni èyí tí ẹ̀rọ kò tíì gbọ́ èémí àwọn tó wà nínú rẹ̀ rí. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi gba ìró náà tún lè kó bá wa. Irinṣẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lò fún ICBHI, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń dún. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé irinṣẹ́ kan ni wọ́n lò fún aláìsàn, tí wọ́n lo òmíràn fún ẹni tí ara rẹ̀ le, irinṣẹ́ ni kọ̀ǹpútà máa kọ́ láti dá mọ̀, tí àwa á rò pé àìsàn ni.

Ìgbà Kòrónà yẹ kó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ìwádìí lóríṣiríṣi sọ nígbà náà pé kọ̀ǹpútà lè gbọ́ ikọ́ kó sì mọ ẹni tó ní COVID-19. Àwọn olùwádìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kó ti èèyàn 67,842 jọ, èsì wọn sì jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 2024. Lórí òṣùwọ̀n tí 1 jẹ́ pípé, tí 0.5 sì jẹ́ ti ẹni tó kàn ń méfò, ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ gba 0.85. Nígbà tí wọ́n mú àwọn tó ní àrùn àti àwọn tí kò ní, tí ọjọ́ orí wọn àti àmì àìsàn ara wọn bára mu, tí wọ́n fi wọ́n wéra, ó já wálẹ̀ sí 0.62. Kò sàn ju kí a kàn bi èèyàn pé kí ló ń ṣe é.

Àyà tí ẹ̀rọ yìí máa bá pàdé ní Ẹ̀pẹ́, ó tún ní tiẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń yan ẹja fún ọjà Olúwo, èéfín igi ni wọ́n ń fà símú láti ìdájí di alẹ́, ọdún lé ọdún. Àwọn tó ń la pákó ń fa ìyẹ̀fun igi. Ìyá tó ń yan ẹja lè máa súfèé láyà kí kòkòrò àrùn kankan má sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó kẹ́kọ̀ọ́ lára àwọn ará Yúróòpù lè sọ pé òtútù àyà ni, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn tí kò nílò. Ó sì lè jẹ́ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ gan-an ló wà níbẹ̀, kí ẹ̀rọ kà á sí ti èéfín. Ohun tó ń fi COPD hàn dájú ni spirometer, ẹ̀rọ tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Aláìsàn á fa salbutamol, oògùn tó ń ṣí ọ̀nà atẹ́gùn, a ó dúró fún ìṣẹ́jú 15, á wá fi gbogbo agbára fẹ́ atẹ́gùn jáde. Bí èyí tó jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ kò bá tó 70 nínú 100 gbogbo atẹ́gùn tó fẹ́, ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀ ti dí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí bí a ṣe ń gba ìró, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Ìró ẹ̀dọ̀fóró rọlẹ̀ púpọ̀, èyí tó wúlò jù nínú rẹ̀ sì wà láàárín 100 sí 1,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé, fáànù òkè àjà, ọ̀kadà tó ń kọjá, òjò lórí páànù, àárín ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń dún sí. Ẹ̀rọ tí wọ́n dán wò nínú yàrá tó pa lọ́lọ́ á máa ka jẹnẹrétọ̀ sí àyà tó ń hanrun. Kí a pa fáànù, ká ti fèrèsé, kí àwọn tó ń dúró de káàdì wà níta. Bí jẹnẹrétọ̀ kò bá ṣe é pa, ká lo yàrá tó jìnnà sí i jù lọ.

Kí aláìsàn bọ́ aṣọ òkè, lẹ́yìn aṣọ ìkélé tó bò ó láṣìírí. Kò sí ẹ̀bùrú nínú èyí. Bí aṣọ bá ń ra orí ẹ̀rọ, á máa ta pàrà-pàrà bíi ti òtútù àyà gẹ́lẹ́. Irun àyà ọkùnrin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ tẹ orí ẹ̀rọ mọ́ ara dáadáa, kí ìka rẹ̀ má sì yí lórí rẹ̀, torí ìka tó yí díẹ̀ ń dún nínú máíkì ju èémí lọ. Kó tó bẹ̀rẹ̀, kó ní kí àgbàlagbà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìró pàrà-pàrà tó bá lọ lẹ́yìn ikọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó bá dúró ló yẹ ká fura sí.

Ẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì jù, a sì máa ń fò ó nítorí ìkánjú. Òtútù àyà lè wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn níhà kan ṣoṣo, kí iwájú máa dún bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ibi mẹ́jọ ni mo gbà pé ó tó fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé: lókè ẹ̀yìn, láàárín rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀, ní òsì àti ní ọ̀tún, lẹ́yìn náà abẹ́ abíyá méjèèjì. Ká gba ti òsì tán, ká gba ti ọ̀tún ní ipele kan náà ká tó sọ̀kalẹ̀, kí a lè fi wọ́n wéra. Ká má gbé orí ẹ̀rọ lé egungun èjìká. Ojú ibì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú-àáyá 15. Kí àgbàlagbà la ẹnu, kó mí kanlẹ̀, kó má sáré mí. Bó bá ti tó ibi mẹ́ta, ká jẹ́ kó sinmi, torí mímí kanlẹ̀ léraléra máa ń kọ́ èèyàn lóyì.

Ọmọ wẹ́wẹ́ gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni kó wà. Ìró tí a gbà nígbà tó ń sunkún kò wúlò fún ohunkóhun, èyí tí a gbà nígbà tó ń mu ọmú náà kò dáa, torí bó ṣe ń gbé wàrà mì ń wọ máíkì. Ìgbà tó bá sùn ló dáa jù. Láàárín aláìsàn kan sí òmíràn, ká fi ọtí spirit 70% nu orí ẹ̀rọ, ká jẹ́ kó gbẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìró àyà bíi fóìsì nóòtì WhatsApp. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ó máa ń fún ìró pọ̀ kó lè fúyẹ́, ohun tí kò bá sì ti jọ ohùn èèyàn, ariwo ló máa ń kà á sí. Ẹ̀rọ tó dáa á tọ́jú ìró sínú fáìlì WAV, láì fún ìró náà pọ̀. Bó bá ń wọn ìró náà nígbà 4,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ó ti tó. Bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 2, ìṣẹ́jú-àáyá 15 á jẹ́ kílóbáìtì 120, ibi mẹ́jọ kò sì ní pé mẹ́gábáìtì kan. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún wa pé dátà tó pọ̀ ni iṣẹ́ yìí ń jẹ, kò sọ òótọ́. Ohun tó yẹ ká béèrè fún ni áàpù tó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, kó sì fi ìró ránṣẹ́ nígbà tó bá padà dé.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àyà tó dákẹ́. Bí ikọ́ fée bá ti le débi tó lè pa èèyàn, ọ̀nà atẹ́gùn á ti fún pọ̀ débi pé atẹ́gùn tó kù kò tó èyí tó lè súfèé mọ́. Ẹ̀rọ tó ń wá súfèé kò ní rí i, á kọ ọ́ pé kò sí nǹkan. Bí omi bá kún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ìró á kàn parẹ́ nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ni. Ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, àyà rẹ̀ lè máa dún bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Bí ẹ̀rọ bá tan iná aláwọ̀ ewé, pé kò sí nǹkan, fún aláìsàn tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí láì mí gúlegúle, ojú la ó gbà gbọ́. Ká fi ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn sí i níka: bí kò bá tó 90 nínú 100, ó nílò ọ́síjìn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ ìka náà sì ní àléébù tirẹ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta iye ìgbà tí ọ́síjìn aláwọ̀ dúdú ti lọ sílẹ̀ tí ẹ̀rọ náà kò rí i, tí a bá fi wé ti aláwọ̀ funfun. Bó bá kọ 92, tí aláìsàn sì ń jà kó tó mí, ká má gbà á gbọ́.

Àwọn tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ yìí lọ sínú ọjà láti yẹ gbogbo èèyàn wò, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò. Ká ní èèyàn 1,000 ni a yẹ̀ wò, tí 20 nínú wọn ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ká ní ẹ̀rọ náà dáa débi pé ó ń mú 90 nínú 100 aláìsàn, ó sì ń dá 90 nínú 100 ẹni tí ara rẹ̀ le sílẹ̀. Á mú 18 nínú àwọn 20 náà. Ṣùgbọ́n á tún mú 98 tí nǹkan kan kò ṣe. Èèyàn 116 ló máa fi ìbẹ̀rù-bojo wọ mọ́tò lọ sí Jẹ́nẹ́rà, tí 18 péré nínú wọn máa jẹ́ aláìsàn. Ta ló máa yẹ wọ́n wò, ta ló sì máa san owó mọ́tò wọn? Inú ilé ìwòsàn, lára ẹni tó ti ń wúkọ́ tàbí tó ti ń mí gúlegúle, ni ẹ̀rọ yìí ti máa wúlò.

Ní ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀nà tó dájú jù ti wà nílẹ̀. Ní 2021, àjọ WHO fọwọ́ sí i pé kọ̀ǹpútà lè máa ka X-ray àyà láti fi ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ fún ẹni tó bá ti pé ọdún 15 sókè. Ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike fún àyẹ̀wò GeneXpert. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń ṣe àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀.

Ọmọdé ńkọ́? Àjọ WHO sọ pé òtútù àyà pa ọmọ 740,180 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lágbàáyé ní 2019. Ohun àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ ìlera nílò láti fura sí i ni aago àti ojú. Kí ó ṣí àyà ọmọ, kó ka bó ṣe ń mí fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì tó mí tó 60, ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá tó mí tó 50, ọmọ ọdún kan sí márùn-ún tó mí tó 40, mímí wọn ti yá jù. Bí ìsàlẹ̀ àyà bá ń wọlé nígbà tó ń fa èémí, tàbí tí kò lè mu ọmú, tí gìrì mú un, tàbí tí kò ta pútú, ká má tiẹ̀ dúró gba ìró kankan. Ilé ìwòsàn tí kò ní aago, tí kò ní ọ́síjìn, tí kò ní amoxicillin ọmọdé, ká wá lọ ra ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n fún un, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ à ń pa làpálàpá nìyẹn.

Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún nìyí. Kí wọ́n yan ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n gba ìró àyà ọgọ́rùn-ún mẹ́rin èèyàn, ó kéré tán: ọmọdé, arúgbó, àwọn tó ń yan ẹja, àwọn tó ń la pákó, àti àwọn tí nǹkan kan kò ṣe. Irinṣẹ́ kan náà ni kí wọ́n lò fún gbogbo wọn. Kí dókítà fi X-ray, GeneXpert àti spirometer sọ ohun tó ń ṣe ẹni kọ̀ọ̀kan láì tíì rí èsì ẹ̀rọ. Ìgbà náà ni kí wọ́n wá gbé ìró náà fún ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ rà, kí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde fún gbogbo ará ìlú, pàápàá iye aláìsàn tí kò rí. Òfin ààbò dátà ti 2023 kan ọ̀rọ̀ yìí: kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn tàbí òbí ọmọ lédè Yorùbá tó yé wọn. Kí wọ́n sì rántí pé máíkì tó ń gba èémí ń gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú yàrá náà mọ́ ọn, kí wọ́n gé ohùn ẹnu kúrò kí ìró tó kúrò ní ilé ìwòsàn.

Ẹni tó bá wá ta ẹ̀rọ fún wọn, kí wọ́n bi í: Orílẹ̀-èdè wo ló ti kẹ́kọ̀ọ́, lára èèyàn mélòó, ọmọdé mélòó ló wà nínú wọn? Aláìsàn mélòó ni kò rí nínú ọgọ́rùn-ún? Ṣé NAFDAC mọ̀ nípa rẹ̀? Bí bátìrì rẹ̀ bá kú, ta ló máa tún un ṣe, èló sì ni? Bí a kò bá san owó ọdọọdún mọ́, ṣé á ṣì máa ṣiṣẹ́? Ta ló ni ìró àyà àwọn èèyàn wa tó bá wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rẹ̀? Bí kò bá rí ìdáhùn kọ sílẹ̀ sí gbogbo wọn, kí wọ́n má fọwọ́ sí ìwé kankan pẹ̀lú rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ ìlera kan,
Òkè-Balógun, Ẹ̀pẹ́.